Ọ̀rọ̀ Ọkọ̀, Ọ̀rọ̀ Ọkọ

Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì
16 Oṣù Kínní, 1978

Múyìwá ọmọ mi,

Ẹ kú àjò o, ìwọ àti orí rẹ tó ń ṣọ́ ọ. Òtútù Jámánì kò ní gbé ọ mì, ohun tí o wá lọ yóò bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Gbogbo wa wà, àfi orúnkún Màmá Àgbà tó ń dùn wọ́n nínú ọyẹ́ yìí. Wọ́n ní ṣé o ṣì ń jẹ iyán níbẹ̀. Mo ní ò ń jẹ ẹ́ lójú àlá.

Ọkọ̀ ti dé. Ọláoyè, àbúrò bàbá rẹ, ló lọ gbà á ní Àpápá, ó sì kọ́kọ́ fi yan fanda káàkiri Adó kí n tó rí kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Múyìwá, opó wo ló ń wa ọkọ̀ nílùú yìí?" Mo ní opó tí ọmọ rẹ̀ fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí ni.

O mọ̀ pé wọ́n ti fi mí ṣe ọ̀gá ilé ìwé ní Igbemo. Bí mo bá lọ ń gbé Igbemo, ta ni yóò máa bọ́ Màmá Àgbà, ìyá bàbá rẹ, tí ojú wọn ò ríran mọ́? Bí mo bá sì jókòó ti Màmá Àgbà, wọn yóò gbé ipò náà fún ẹlòmíràn. Ọkọ̀ yìí ló ń jẹ́ kí n lè lọ láàárọ̀ kí n sì bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ọláoyè ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dẹnu kọlẹ̀ ni kí n yan ọ̀kan, iṣẹ́ ni o, ilé ni o. Nítorí náà ọkọ̀ yìí kò gbọdọ̀ bàjẹ́.

Ìwé kékeré tó bá a wá, èdè Jámánì ni láti òkè délẹ̀. Mo gbìyànjú láti kà á, ahọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ́. Kọ ohun tó yẹ kí n máa ṣe fún un sí mi ní Yorùbá tó mọ́ gaara. Ọkọ̀ ni kí o kọ o, má kọ mọ́tò sí mi. Mi ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Tíṣà Ilésanmí tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní Igbemo ń bá mi gùn ún láràárọ̀, torí Adó lòun náà ń gbé. Ó kí ọ.

Ìyá rẹ,
Sẹ̀gilọlá


Hamburg
8 Oṣù Kejì, 1978

Màámi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Màmá Àgbà, ẹ sì kú oríire. Ọ̀gá ilé ìwé! Mo sọ ọ́ fún gbogbo àwọn tí a jọ ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe níbí. Wọn ò mọ ibi tí Igbemo wà, ṣùgbọ́n wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe oníyọnu bí ẹ bá tètè ń wò ó. Ẹ fi òwúrọ̀ wo omi inú rédíétọ̀, nígbà tó tutù. Ẹ má ṣí ìdérí rẹ̀ bó bá gbóná o, yóò tu sí yín lójú. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí ìyẹ̀fun lórí bátìrì, ẹ fi omi gbígbóná ṣàn án, kí ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa orí irin rẹ̀. Bó bá kọ̀ tí kò dáhùn láàárọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó pe mẹkáníìkì. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fánbẹ́ẹ̀tì. Bó bá rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, kí wọ́n fà á le. Táyà, ẹ má jẹ́ kí ó jìn.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, epo. Ẹ máa wo epo rẹ̀ láràárọ̀ kí ẹ tó gbéra, ẹ má jẹ́ kó lọ sílẹ̀ láé. Epo ni ẹ̀jẹ̀ ọkọ̀.

Ẹ ò sọ fún mi bóyá wọ́n ti kun sàréè Bàbá. Ọdún kẹrin rèé. Mo bi yín nígbà tó kọjá, ẹ fò ó.

Ọmọ yín,
Múyìwá


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì
6 Oṣù Kẹta, 1978

Múyìwá ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì dúpẹ́. Wọ́n ti kun sàréè, funfun ni. Fọ́tò rẹ ńkọ́? Ọ̀dọ́mọkùnrin bíi tìrẹ, kò sí ìyàwó, kò sí fọ́tò.

Gbogbo ohun tí o kọ ni mò ń ṣe. Mo ti fọ orí bátìrì, ọkọ̀ náà sì ń dáhùn ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Epo, àràárọ̀ ni mò ń wo abẹ́rẹ́ rẹ̀, kò sí ọjọ́ tí mo jẹ́ kó sọ̀ dé ìdajì.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń dà mí láàmú. Bí mo bá ti ń gun òkè, iná pupa kan máa ń tàn níwájú mi. Mo wò ó dáadáa: búta ni. Búta gẹ́lẹ́, irú èyí tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá, pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ gígùn, nǹkan sì ń kán tó lẹ́nu rẹ̀. Èmi àti Tíṣà Ilésanmí rò ó síwá sẹ́yìn, a ní omi ló ń tọrọ. Tíṣà Ilésanmí sáré pọn omi, a bù ú sí rédíétọ̀. Ó kú, ó tún tàn. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá Àgbà, wọ́n ní, "Uná Ìmàle! Àbí ọkọ̀ yí ti gba Ìmàle ni?" Tíṣà Ilésanmí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

Mo sì ń gbọ́ ìró kan nínú rẹ̀, kó-kó-kó, bí ẹni ń fi ìdí ṣíbí lu abọ́ irin. Tíṣà Ilésanmí ní kí n má fòyà, ṣùgbọ́n ìṣirò ló mọ̀, kò mọ ọkọ̀. Tètè dá mi lóhùn. Ọláoyè náà ti ń gbọ́ ìró yẹn, ńṣe ló ń fi ẹsẹ̀ gbá táyà, tó ń mi orí. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Ìyá rẹ,
Sẹ̀gilọlá


WÁYÀ LÁTI HAMBURG, 29 OṢÙ KẸTA, 1978

MAMA E MA WA OKO RARA TITI LETA MI YOO FI DE
MUYIWA


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì
3 Oṣù Kẹrin, 1978

Múyìwá,

Mo kí ọ.

Igbemo ni mo wà nígbà tí wáyà rẹ dé. Ọláoyè ló gbà á, ó já a, ó sì ti kà á fún gbogbo agboolé kí n tó wọlé. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tí Tíṣà Ilésanmí ń bá mi gbé àpò, ló na ìwé náà sókè bí ẹni ń kéde ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Ìyá Múyìwá, ọmọ rẹ ní o kò gbọdọ̀ wá ọkọ rárá, títí lẹ́tà òun yóò fi dé!" Àwọn obìnrin ilé bú sẹ́rìn-ín. Ilésanmí rọra gbé àpò mi kalẹ̀, ó sì lọ láìdágbére. Láti ọjọ́ náà kò bá mi gun ọkọ̀ mọ́.

Ta ló kọ̀wé sí ọ? Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí mo bi ọ́, o kò dáhùn. Ọ̀rọ̀ ọkọ tí mi ò bi ọ́, òun lo sáré tẹ wáyà lé lórí.

Ó dáa náà. Bó ti di ọ̀rọ̀ ìta, jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Ilésanmí ti ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Ìyàwó tirẹ̀ kú ṣáájú bàbá rẹ. Mi ò tíì dá a lóhùn, torí mo ní kí o wálé ná, kí n sọ ọ́ fún ọ lójú kojú. Mi ò wá ọkọ, Múyìwá. Ọkọ ló wá mi. Mo sin bàbá rẹ, mo ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bó ti yẹ ká ṣọ̀fọ̀ ẹni rere, mo sì dúró ti ìyá rẹ̀ títí di òní. Ṣé kí n wá máa bá ògiri sọ̀rọ̀ títí n óò fi kú? Ìwọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ní a, b, d ni yóò máa tẹ àṣẹ sí mi láti òkè òkun?

Bóyá ni mo jẹ́ ẹni tí ọmọ ń kọ́ bí wọ́n ti ń ṣe opó. N óò wa ọkọ̀ mi lọ síṣẹ́ lọ́la, búta ìbáà tàn, ìbáà kú.

Èmi ni,
Sẹ̀gilọlá


Hamburg
5 Oṣù Kẹrin, 1978

Màámi,

Ẹ kú ìfaradà. Ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ díẹ̀ ni, torí mo mọ̀ pé wáyà á ti dá yín dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́.

Ohun tí ẹ rí yẹn kì í ṣe búta. Agolo epo ni, irú èyí tí àwọn aránṣọ fi ń kán epo sí ẹ̀rọ wọn. Ohun tó ń kán lẹ́nu rẹ̀, epo ni, kì í ṣe omi. Kì í sì í ṣe epo tí abẹ́rẹ́ yín ń fi hàn. Mo kọ "epo" sí yín lásán, bíi pé ọ̀kan ni. Epo méjì ni ọkọ̀ ń mu. Bẹntiróò ni èyí tó ń jó, òun ni abẹ́rẹ́ ń sọ. Èkejì ni epo ẹ́ńjìnnì, ó nípọn, òun ni kì í jẹ́ kí irin jẹ irin. Abẹ́rẹ́ kì í sọ tirẹ̀. Bí ẹ bá ṣí iwájú ọkọ̀, ẹ óò rí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí orí rẹ̀ ká bí òrùka. Ẹ fà á yọ, ẹ fi àkísà nù ún, ẹ tì í padà, ẹ tún fà á. Ìlà méjì wà lára rẹ̀, àárín wọn ni kí epo wà. Iwájú ilé wa dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, irọ́ ni yóò pa fún yín níbẹ̀; ẹ gbé e lọ sí ojú ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó wò ó.

Bí iná yẹn bá tàn, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kódà bó bá jẹ́ àárín igbó. Kó-kó-kó tí ẹ gbọ́ yẹn, irin ti ń jẹ irin nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fi okùn fà á lọ.

Ẹ kí tíṣà tó ń bá yín gùn ún.

Ọmọ yín,
Múyìwá


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì
2 Oṣù Karùn-ún, 1978

Múyìwá, ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé lánàá. Ọkọ̀ ti kú.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí. Èmi nìkan ni mò ń bọ̀ láti Igbemo lọ́sàn-án. Iná náà tàn, mo sì wò ó lójú bí ẹni ń wo ọmọ aláìgbọràn, mi ò dúró. Inú ti ń bí mi látàárọ̀. Ìró náà le sí i, ó wá dún gbòlà lẹ́ẹ̀kan, èéfín sọ, ẹ́ńjìnnì sì há gádígádí. Mo jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, mò ń bá ara mi jà. Lọ́rì oníṣu kan ló wá kọjá, Ilésanmí wà nínú rẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀ kó tó dúró tán. Ó wá jókòó tì mí lórí òkúta náà. Níwájú lọ́rì náà ni àwa méjèèjì jókòó wọ Adó, gbogbo Òkè-Ìlá sì rí wa.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ lánàá, mo lọ mú wáyà náà jáde. Mo mú pẹ́ńsù, mo fi àmì ohùn tí ẹ̀rọ wáyà kì í tẹ̀ sí i lórí, bí mo ti ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹta. Ẹ má wa ọkọ̀ rárá. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí, lẹ́yìn náà ni omijé dé. Èmi ni mo ní kí o má kọ mọ́tò. Ká ní o kọ MOTO, Ọláoyè kì bá rí nǹkan kan kà.

Bí lẹ́tà kan bá ti ọ̀dọ̀ mi dé, tí déètì rẹ̀ jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá, jọ̀wọ́ má ṣí i. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí o bá sì ti kà á, ohun tó wà nínú rẹ̀ òótọ́ ni, ohùn tí mo fi sọ ọ́ ni kò dáa.

Wọ́n ti ṣe ìpàdé ẹbí. Ọláoyè ní bí sáà ìwé yìí bá ti parí, kí n kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, tàbí kí n kó ẹrù mi jáde. Lọ́rì ni mò ń wọ̀ báyìí. Mò ń fi Màmá Àgbà sílẹ̀ nígbà tí wọn ò tíì jí. Bí mo bá dé, mo máa ń bá oúnjẹ wọn nílẹ̀, wọn ò fọwọ́ kàn án.

Kọ̀wé sí mi.

Ìyá rẹ,
Sẹ̀gilọlá


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì
29 Oṣù Karùn-ún, 1978

Múyìwá,

Ṣé ara rẹ dá? Mò ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì. Akọ̀wé ibẹ̀ kì í jẹ́ kí n bèèrè mọ́, ó máa ń mi orí láti ọ̀kánkán.

Bú mi bó bá wù ọ́. Má kàn dákẹ́.

Ìyá rẹ


Hamburg
8 Oṣù Kẹfà, 1978

Màámi,

Ẹ kú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo pẹ́. Lẹ́tà ìbínú yín ló kọ́kọ́ dé, mo sì ti kà á tán kí èyí tó ní kí n má kà á tó dé.

Wáyà mi kò sọ̀rọ̀ ọkọ, ẹ ti mọ̀. Mi ò mọ nǹkan kan nípa Tíṣà Ilésanmí ju pé ó ń bá yín gun ọkọ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín. Ká ní mo mọ̀, bóyá ohun tí Bọ̀ọ̀dá Ọláoyè kà sókè yẹn gan-an ni ǹ bá tẹ̀ sí yín. Mò ń ronú pé nígbà tí mo ń bèèrè sàréè Bàbá, ẹlòmíràn ló ń pa yín lẹ́rìn-ín. Mò ń ronú pé bí mo bá wálé, orí àga Bàbá ni n óò ti bá a. Mo gbé bírò lẹ́ẹ̀mejì, mo sì jù ú sílẹ̀. Níbi iṣẹ́ mo fi irin jó ara mi lọ́wọ́, torí ọkàn mi ò sí níbẹ̀.

Mi ò bú yín o. Mi ò tó bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń dùn mí ni.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Múyìwá


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì
27 Oṣù Kẹfà, 1978

Múyìwá ọmọ mi,

O ṣeun tí o sọ òótọ́. Ó gún mi, ṣùgbọ́n ó sàn ju ìdákẹ́jẹ́ lọ. Fi epo pa ojú ọgbẹ́ yẹn o, epo pupa, kí o má baà tún bi mí pé irú epo wo.

Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ tí Ọláoyè dá ti ń sún mọ́lé, mo mú Ilésanmí lọ bá Màmá Àgbà. Mo ní bí ọmọ ẹni tó kú bá ń bínú, ìyá ẹni tó kú ló yẹ kí n bi. Ilésanmí dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Wọ́n ní kó sún mọ́ àwọn, wọ́n fi ọwọ́ wá ojú rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan imú, wọ́n fi kan àgbọ̀n. Wọ́n ní, "Ìwọ lò ń bá a bọ̀ wá ulé nínú lọ́rì?" Ó ní òun ni. Wọ́n mú ọwọ́ kúrò ní àgbọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ọmọ mi ló kú. Aya rẹ̀ kò kú."

Ọláoyè pariwo. Màmá Àgbà ní kí ó lọ pariwo ní gbangba, etí àwọn kò tíì fọ́. Wọ́n ní ibi tí mo bá ń gbé ni àwọn yóò máa gbé, àwọn á sì kúkú tẹ̀ lé mi lọ sílé Ilésanmí, kò ju ojúlé mélòó kan lọ sí ibí. Nítorí náà mi ò ní kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, mi ò sì ní já wọn sílẹ̀. Ọkọ̀ nìkan ló kù. Ilésanmí ti jẹ́ kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Àwọn irin tó jẹ nínú rẹ̀, ó wá wọn dé Ìbàdàn, kò rí irú wọn rà; mo kọ orúkọ wọn sí ẹ̀yìn lẹ́tà yìí.

N óò fẹ́ Ilésanmí. Mi ò bèèrè àyè lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n mi ò tíì dá ọjọ́, torí bí mo bá wo ẹ̀yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, tí mo sì mọ̀ pé inú ọmọ mi kan ṣoṣo kò dùn, mi ò ní gbádùn rẹ̀. Mi ò ní kí o fẹ́ràn rẹ̀. Sọ ohunkóhun fún mi, kí n lè mọ ibi tí mo dúró sí.

Ìyá rẹ,
Sẹ̀gilọlá


Hamburg
24 Oṣù Keje, 1978

Sí Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí,
nípasẹ̀ Màámi

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìdúró ti Màámi. Ẹ ò mọ̀ mí, èmi náà ò mọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ tí mo ní láti sọ fún Màámi, ọ̀dọ̀ yín ni mo fi ránṣẹ́ sí. Ẹ óò kà á sí wọn létí.

Àpótí kékeré kan ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Irú gbogbo irin tó jẹ nínú ẹ́ńjìnnì náà ló wà nínú rẹ̀, tuntun ni gbogbo wọn. Orúkọ yín ni mo kọ sí i lára, kì í ṣe ti Bọ̀ọ̀dá Ọláoyè. Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ gbà á.

Bí wọ́n bá ti tò ó tán, kí ẹ rọra wà á fún oṣù kan. Kí ẹ má jẹ́ kó sáré, kí ẹ má dì í lẹ́rù gun òkè. Irin tuntun ò tíì mọwọ́ ara wọn, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bára wọn rẹ́. Lẹ́yìn oṣù kan, kí ẹ da epo ẹ́ńjìnnì náà nù pátápátá, bó tilẹ̀ dà bíi pé ó ṣì dára, torí ohun tó ti jẹ lára wọn á ti wà nínú rẹ̀. Kí ẹ rọ òmíràn sí i. Màámi ò ní fẹ́ dúró, wọn ò mọ bí wọ́n ti ń rọra. Ẹ bá mi dì wọ́n mú.

Mo kọ "Bàbá" sí òkè lẹ́tà yìí, mo fagi lé e. Mo tún kọ ọ́, mo tún fagi lé e. Ẹ óò rí ojú ibi tí bírò ti fa ìwé ya. Ẹ má bínú, ibi tí agbára mi mọ nìyẹn ní báyìí.

Ẹ dá ọjọ́ sí ìparí ọdún. Mò ń bọ̀ wálé. Bí ẹ bá ń bọ̀ wá pàdé mi ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, ẹ jẹ́ kí Màámi wa ọkọ̀, kí ẹ̀yin jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ fi ẹ̀yìn sílẹ̀ fún mi.

Olúmúyìwá